Bí Ilé Ìwé Ṣe Lè Tún Ètò Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ Tò Kí Ọmọ Mọ̀wé Kà Kó Tó Dé Pírámárì 4

Ẹ pe ọmọ Pírámárì 3 kan sẹ́yìn kíláàsì, ẹ ṣí ìwé kíkà rẹ̀ sí ewé tí wọ́n kà lánàá, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwòrán ibẹ̀. Ẹ wá fi ìka sí ọ̀rọ̀ kẹta ní ìlà kejì, kí ẹ bi í pé, "Kí ni eléyìí?" Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń ké ewé náà pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ lánàá ni yóò sá padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, tí yóò máa kà á bọ̀ bí ẹni ń kọrin, títí ẹnu rẹ̀ yóò fi kan ọ̀rọ̀ tí ẹ fọwọ́ sí. Àkọ́sórí ni. Àwọn mìíràn yóò kàn máa wo ojú yín.

Ilé ìwé tó bá fẹ́ tún ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ tò nítorí ìwé kíkà, àyẹ̀wò yìí ni kó fi bẹ̀rẹ̀, kó tó ra ìwé tuntun, kó tó pe onísẹ́mínà. Ọ̀gá ilé ìwé, ẹni tó dá ilé ìwé aládàáni sílẹ̀ àti ọmọ ìgbìmọ̀ SBMC (ìgbìmọ̀ òbí àti ará àdúgbò tó ń bójú tó ilé ìwé) ní Èkó ni a ń bá sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí ní Mushin.

Ohun tó wà ní ìkáwọ́ yín

NERDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìwádìí àti ìdàgbàsókè ẹ̀kọ́, ló ń kọ ìlànà ẹ̀kọ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè yìí, ilé ìwé kan kò sì lè dá a pa rẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni ìlànà náà ń sọ. Bí ẹ ó ṣe tò ó láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, iye ìṣẹ́jú tí ẹ ó fi kọ́ ọ, ohun tí ọmọ yóò máa kà, àti ìgbà tí ẹ ó máa yẹ̀ ẹ́ wò, ọwọ́ ilé ìwé ni gbogbo ìyẹn kù sí. Àtúntò tó ń so èso, inú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ló ti ń ṣẹlẹ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ dín iye sọ́bújẹ́ẹ̀tì kù: 9 sí 10 fún Pírámárì 1 sí 3, 10 sí 12 fún Pírámárì 4 sí 6. Píríọ́dù tó bá bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ tètè gbà á fún ìwé kíkà. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, kọ̀ǹpútà, ijó àti ìmúra fún ayẹyẹ òpin ọdún á ti jókòó síbẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò lè lé wọn kúrò mọ́.

Ilé ìwé ìjọba ní Èkó ní ètò EKOEXCEL, tí tíṣà ń tẹ̀ lé lórí tábúlẹ́ẹ̀tì. Ẹ má bá a jà. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀kọ́ orí tábúlẹ́ẹ̀tì máa lọ bó ṣe ń lọ, kí ẹ wá gba wákàtí àtúnkà tí a ó sọ nísàlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ọ́fíìsì LGEA (ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀) yín sì gbọ́ sí i ṣáájú. Ilé ìwé aládàáni ní òmìnira ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn náà sì ni ìṣòro tiwọn: irú ìwé fóníìkì (ìwé tó ń kọ́ ọmọ ní ìró lẹ́tà) mẹ́ta láti ọwọ́ òǹtẹ̀wé mẹ́ta nínú ilé ìwé kan ṣoṣo, tí Pírámárì 2 kò sì mọ ibi tí Pírámárì 1 parí sí.

Ọ̀rọ̀ èdè ńkọ́? Láti 1977 ni ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti ní kí wọ́n fi èdè àdúgbò kọ́ ọmọ ní ọdún ìbẹ̀rẹ̀. Ní 2022 ìjọba ní kó gba gbogbo ọdún mẹ́fà. Ní oṣù Kọkànlá 2025 wọ́n fagi lé ìyẹn, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Bẹ́ẹ̀, ìwádìí ilé wa ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ sọ́bújẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀ fún wọn. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn. Ẹ má jẹ́ kí àríyànjiyàn òkè dá iṣẹ́ yín dúró: òfin Èkó ti 2018 sọ Yorùbá di dandan ní gbogbo ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama, ti ìjọba àti ti aládàáni. Píríọ́dù Yorùbá wà lórí táìmù tébù yín. Bí ẹ ó ṣe lò ó ló kù. Ibi púpọ̀, oríkì àti orúkọ oṣù ni wọ́n fi ń kọ́, nígbà tí ọmọ kò tíì lè ka orúkọ ara rẹ̀.

Òṣùwọ̀n tó ṣeé wọ̀n

Ẹ ṣí lẹ́sìn nóòtì èyíkéyìí, ẹ ó bá irú gbólóhùn yìí níbẹ̀: "Ní òpin ẹ̀kọ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ rírì ìwé kíkà." Báwo ni tíṣà ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó ti mọ rírì rẹ̀? Òṣùwọ̀n gidi gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ọmọ yóò ṣe, ohun tí yóò ṣe é lé lórí, àti iye tó gbọ́dọ̀ gbà. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó ti ọmọ náà, ì báà ṣe ìyá rẹ̀ tó ń ta aṣọ ní Balógun, gbọ́dọ̀ lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ bóyá ó dé ibẹ̀ tàbí kò dé ibẹ̀.

Èyí tí a máa ń dábàá fún ilé ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní òpin sáà kìn-ín-ní Pírámárì 1, kí ọmọ ka sílébù 20 tí a dà rú, kó gba 16. Ní òpin sáà kejì, ọ̀rọ̀ 20 tí kò sí nínú ìwé rẹ̀, kó gba 15 pẹ̀lú ohùn tó tọ́. Ní òpin ọdún náà, kó ka gbólóhùn márùn-ún kúkúrú, kó sì sọ ohun tó kà. Òpin Pírámárì 2: ọ̀rọ̀ Yorùbá 30 ní ìṣẹ́jú kan, kó dáhùn ìbéèrè 3 nínú 5. Òpin Pírámárì 3: ọ̀rọ̀ 45 ní ìṣẹ́jú kan, ìbéèrè 4 nínú 5, kó sì kọ gbólóhùn márùn-ún tí tíṣà pè fún un láìgbàgbé àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Láti Pírámárì 4 lọ, ẹ fi aago sílẹ̀. Kí ọmọ fojú ka ewé kan nínú ìwé sáyẹ́ǹsì tàbí ìwé ìtàn, kó fi gbólóhùn méjì kọ kókó rẹ̀.

Iye wọ̀nyí kì í ṣe òfin. Ẹ fi ọmọ 10 láti inú kíláàsì kọ̀ọ̀kan dán an wò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Bí 9 bá ti dé ibẹ̀, òṣùwọ̀n náà rọ̀ jù, ẹ gbé e sókè. Bí ẹyọ kan tàbí méjì péré bá dé ibẹ̀, ẹ má fà á wálẹ̀. Ẹ fi àtẹ̀gùn kan sí àárín ọ̀nà, fún àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ 20 ní òpin sáà kejì, kí tíṣà lè rí i pé òun ń rìn.

Ohun tó ń ba òṣùwọ̀n jẹ́ jù ni kí ó pọ̀. Ilé ìwé tó kọ 40 òṣùwọ̀n fún kíláàsì kan kò ní wọn ọ̀kankan. Mẹ́ta fún sáà kan tó.

Àyẹ̀wò ìṣẹ́jú kan

Ẹ ó nílò fóònù tó ní aago, ewé kan tí ìtàn ọ̀rọ̀ 60 wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè márùn-ún, àti ẹ̀dà kejì tí tíṣà yóò máa fi báírò sàmì sí. Ẹ jókòó síbi tó dákẹ́. Ní ilé ìwé tó sún mọ́ Ìdúmọ̀tà tàbí Ojúẹlẹ́gba, ìyẹn lè jẹ́ inú ọ́fíìsì ọ̀gá nìkan, nítorí jẹnẹrétọ̀ àti ìwo mọ́tò ń bo ohùn ọmọ tí kò dá ara rẹ̀ lójú.

Bí ọmọ bá ti pe ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ẹ tẹ aago. Ọ̀rọ̀ tó bá ṣì kà, ẹ fa ìlà gba orí rẹ̀. Bó bá dákẹ́ sórí ọ̀rọ̀ kan fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, ẹ ní kó fò ó, kí ẹ sàmì sí i. Bó bá ṣì í kà tó sì tún un ṣe fúnra rẹ̀, ó gbà á. Bí kò bá rí ẹyọ kan kà nínú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹ dá a dúró pẹ̀lú ẹ̀rín, kí ẹ kọ òdo. Kò sídìí láti fi ojú rẹ̀ gbolẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá tó kù. Nígbà tí ìṣẹ́jú bá pé, ẹ ka iye ọ̀rọ̀ tó dé, ẹ yọ èyí tó ṣì kúrò. Ìbéèrè ló kàn, kí ìwé wà níwájú ọmọ.

Ṣé ohùn tó ṣì jẹ́ àṣìṣe? Bẹ́ẹ̀ ni, bó bá ti yí ìtumọ̀ padà. Ọmọ tó ka ọkọ̀ bí ọkọ́ ti sọ mọ́tò di ohun ìroko.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ọmọ kan ń gbà. Kíláàsì ọmọ 60 yóò gba wákàtí mẹ́ta, èyí tí kò ṣeé ṣe lóòjọ́. Ẹ pín in: ọmọ 12 lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, ìṣẹ́jú 36 lójúmọ́. Tíṣà kíláàsì mìíràn ni kó ṣe é. Tíṣà tó bá dán ọmọ tirẹ̀ wò máa ń fi ètè ràn án lọ́wọ́ láìmọ̀. Lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún ni: ọ̀sẹ̀ kejì sáà kìn-ín-ní, àárín sáà kejì, àti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ọdún tó parí, kí àyè ṣì wà láti fi èsì náà ṣe nǹkan.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọgbọ́n kan tí ó yẹ ká yá. Láti 2012 ni wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ 40 dán àwọn ọmọ wọn kéékèèké wò lọ́dọọdún, 20 ọ̀rọ̀ gidi, 20 ọ̀rọ̀ àdábọwọ́ tí kò nítumọ̀. Ọmọ kò lè kọ́ àdábọwọ́ sórí. Ẹ fi márùn-ún sínú àyẹ̀wò Pírámárì 1 yín, irú bíi bètímà, tòkebi, mólàti, kí ẹ sì sọ fún ọmọ ṣáájú pé orúkọ àjèjì ni, kó má baà máa wá ìtumọ̀ rẹ̀ kiri.

Títo lẹ́tà fún Pírámárì 1

Ibí ni ẹ ó ti jèrè jù. Lẹ́tà Yorùbá jẹ́ 25, ohùn mẹ́ta, kò sì sí sílébù tí kọ́ńsónáǹtì parí. Èyí tí ẹ kọ náà ni ẹ ó kà. Nítorí náà ọmọ tó kọ́ ọ tọ́ lè máa ka ohunkóhun ní Yorùbá kí ọdún kan tó yí po. Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ bí ẹ bá ń kọ́ ọ ní A, B, D, E, Ẹ, ẹ ti fi ohun tó jọra sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: b àti d tí ojú ọmọ ń dàrú mọ́ra, e àti ẹ tí àmì kékeré abẹ́ nìkan yà sọ́tọ̀. Ẹ yà wọ́n nípá. Ìtò tí a fi ń ṣiṣẹ́ nìyí, fún sáà tó ní ọ̀sẹ̀ ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án:

Ọ̀sẹ̀ 1: a, i, l. Ọmọ á ti ka àlá, ilá, ilà.
Ọ̀sẹ̀ 2: b, o. Bàbá, obì, àbá.
Ọ̀sẹ̀ 3: k, e. Ilé, ike, ekòló.
Ọ̀sẹ̀ 4: t, m. Ata, etí, omi, ètè.
Ọ̀sẹ̀ 5: ọ nìkan, nítorí ó ní láti bá o jà. Ọba, ọmọ, ọ̀la, ọlá, ọkọ̀.
Ọ̀sẹ̀ 6: d. Odò, odó, àdá, adé, ìdílé.
Ọ̀sẹ̀ 7: r, ẹ. Orí, ara, ẹ̀bà, ẹ̀kọ, ẹ̀kọ́.
Ọ̀sẹ̀ 8: u, s. Ìlú, ìlù, ìsọ̀.
Ọ̀sẹ̀ 9: àtúnyẹ̀wò, kò sí lẹ́tà tuntun.

Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti lọ. Mẹ́wàá tó kù, ṣ, j, f, g, w, y, p, gb, h, n, di ti sáà kejì, pẹ̀lú fáwẹ́lì àránmúpè, èyí tí a ń pè gba imú. Gb ni kí ẹ fún ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀, kí g ti pẹ́ nílẹ̀ kó tó dé. Ọmọ tí wọ́n kọ́ gb bíi g àti b á máa ka gbọ́ ní "gí-bọ́", ẹ ó sì rí i títí dé Pírámárì 4. Ẹ kọ ọ́ sórí pátákó bí ohun kan ṣoṣo, kí ẹ yí òdo ká méjèèjì. Ní ti àránmúpè, ọ̀nà àbáyọ kan wà tí ọmọ ń fẹ́ràn: lẹ́yìn b, f, gb, p àti w, ọn ni a ń kọ, bíi ìbọn, gbọ́n, pọ́n, lẹ́yìn èyí tó kù, an, bíi ìtàn, kan, ìyàn.

Ohun tí tíṣà yóò ṣe lórí lẹ́tà kan nìyí, ká fi k ṣe é. Kó pe ìró rẹ̀, kó má pe orúkọ rẹ̀. Kó kọ ọ́, kí ọmọ fi ìka kọ ọ́ sójú ọ̀run, lẹ́yìn náà sórí tábìlì. Kó mú un lọ bá fáwẹ́lì tí wọ́n mọ̀: ka, ki, ko. Kó wá gbé ohùn lé e: kà, ka, ká. Ọwọ́ lọ sílẹ̀ fún dò, ó dúró ní àyà fún re, ó gòkè fún mí. Kíláàsì kì í ṣe é pọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ kọ̀ọ̀kan ni tíṣà yóò máa nawọ́ sí. Nígbà tó bá tó bí ọmọ mẹ́wàá, kó da sílébù rú lórí pátákó, kó pa ọ̀kan rẹ́, kó ní kí wọ́n sọ èyí tó lọ.

Ohùn gbọ́dọ̀ bá lẹ́tà rìn láti ọjọ́ kìíní. Àwọn tíṣà kan ń sún àmì ohùn sí Pírámárì 4, wọ́n ní ó ṣòro. Lójú tiwa, wọ́n ń dá wàhálà sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn: ọmọ á ti mọ́ra pẹ̀lú kíkọ ọ̀rọ̀ láìlámì, á sì máa wo àmì bí ẹ̀gbin lórí ìwé.

Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, kí ọmọ máa ka gbólóhùn tó jẹ́ lẹ́tà tó mọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ní òpin ọ̀sẹ̀ karùn-ún, èyí ṣeé kà pátápátá: "Bàbá Bọ́lá ká ilá. Bọ́lá ká ata. Màmá kò mọ̀." Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, ìtàn sì ni. Ẹ bi í pé, "Kí ni Màmá kò mọ̀?" Bí ọmọ bá rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn, ó yé e.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ́tí sí èdè tó wà lẹ́nu àwọn ọmọ. Ní Makókò, Ègùn ni ọ̀pọ̀ ń sọ nílé. Ní Ajégúnlẹ̀ àti Ọbaléńdé, Yorùbá ọ̀pọ̀ ọmọ kò ju ti òpópónà lọ, Píjìnì ló gbé wọn dé. Wọ́n á kọ́ lẹ́tà bí ẹgbẹ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn kò ní mọ̀ bóyá ohun tí àwọn pè jẹ́ ọ̀rọ̀. Fún irú kíláàsì bẹ́ẹ̀, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu, kí ẹ fi nǹkan gidi hàn wọ́n, kí wọ́n tó fojú kàn án lórí pátákó.

Táìmù tébù

Sáà kan jẹ́ ọ̀sẹ̀ 12 tàbí 13 lórí káléńdà. Ẹ yọ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ kò tíì pé, ẹ yọ mid-term, ẹ yọ méjì ìparí tí ìdánwò àti páátì ń jẹ. Mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ló kù. Skíìmù tó bá kọ ohun tuntun sí ọ̀sẹ̀ 12, irọ́ ló ń pa.

Lójúmọ́, píríọ́dù méjì oníṣẹ́jú 35 tó fara kan ara wọn: ìṣẹ́jú 70. Ìṣẹ́jú 10 fún àtúnyẹ̀wò, 15 fún lẹ́tà tàbí àbùdá tuntun, 20 kí ọmọ méjì-méjì máa kàwé fún ara wọn, 15 fún ọ̀rọ̀ pípè àti kíkọ, 10 kí tíṣà ka ìtàn tó gùn fún wọn. Píríọ́dù mẹ́wàá lọ́sẹ̀ nìyẹn. Yorùbá mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì márùn-ún, àti méjì láti inú èyí tí ìdínkù sọ́bújẹ́ẹ̀tì tú sílẹ̀.

Ẹ má fi í sí píríọ́dù kìíní. Àsẹ́ḿbílì ọjọ́ Mọ́ńdè máa ń jẹ ẹ́, nígbà òjò sì rèé, omi á ti gba àdúgbò ní Erékùṣù Èkó, ìdajì kíláàsì á ṣì wà lọ́nà ní agogo mẹ́jọ àbọ̀. Píríọ́dù kejì àti kẹta ló dára. Lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán, oorun ti wọ̀ wọ́n lójú.

Ìṣẹ́jú 10 ìtàn yẹn ni tíṣà kọ́kọ́ ń gé bí àkókò bá há. Kò gbọ́dọ̀ gé e. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń kó ọ̀rọ̀ tí yóò fi lóye ohun tó bá kà ní Pírámárì 4.

Wákàtí àtúnkà fún Pírámárì 3 sí 5

Àwọn tó ti kọjá lọ láìmọ̀wé kò lè dúró de àtúntò Pírámárì 1. Ọ̀nà tí àwọn ará Pratham, àjọ ẹ̀kọ́ kan ní Íńdíà, fi ń ṣe é rọrùn: fún wákàtí kan lójúmọ́, kí ọmọ fi kíláàsì rẹ̀ sílẹ̀, kó lọ jókòó pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ wà ní ipele kan náà. Ìpín márùn-ún ni: ẹni tí kò mọ lẹ́tà, ẹni tó mọ lẹ́tà, ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀, ẹni tó ń ka ìpínrọ̀, ẹni tó ń ka ìtàn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ tún wọn yẹ̀ wò, kí ẹ tún wọn pín.

Ohun méjì ló ń bà á jẹ́. Àkọ́kọ́, ọ̀gá ń fi tíṣà tó dáńtọ́ jù sọ́dọ̀ àwọn tó ń ka ìtàn, tí àwọn tí kò mọ lẹ́tà bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ yí i padà. Àwọn tó ń ka ìtàn lè dá kàwé fún ogún ìṣẹ́jú láìsí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Èkejì ni ìtìjú. Ọmọkùnrin Pírámárì 5 kò fẹ́ kí àbúrò rẹ̀ bá òun nínú ìpín ìsàlẹ̀. Ẹ má pe àwọn ìpín náà ní A, B, C. Ẹ pè wọ́n ní orúkọ ọjà Èkó: Òyìngbò, Mile 12, Balógun, Ìdúmọ̀tà, Tẹ̀júoṣó. Kí ẹ sì fún ọmọ tó dàgbà níbẹ̀ ní iṣẹ́ gidi, bíi pípín ìwé àti dídi aago mú.

Láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì

Ọmọ tó mọ̀wé Yorùbá kà kò tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. B, d, f, g, h, j, k, l, m, n, r, s, t, w, y wà ní ọwọ́ rẹ̀. Ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí wọn. C, q, v, x, z ni tuntun, pẹ̀lú p, tí ìró rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀ sí ti pátákó, àti sh, ch, th. Ṣ ni sh. Ẹ sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀, ó parí.

Wàhálà gidi wà ní òpin ọ̀rọ̀ àti níbi tí kọ́ńsónáǹtì méjì bá ti pàdé. Ẹnu wa kò fẹ́ fi kọ́ńsónáǹtì parí sílébù, nítorí náà bed di "bẹ́ẹ̀dì", stop di "sítọ́ọ̀pù". Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdílé ọ̀rọ̀ kúkúrú, bat, cat, mat, kí tíṣà fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ gé afẹ́fẹ́ níbi tí ìró parí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún ni kí st, br, pl tó wọlé. Fáwẹ́lì Gẹ̀ẹ́sì tó ń yí ìró padà kiri, ẹ fi í sí Pírámárì 2.

Ìwé

Ìwé pélébé olójú-ewé 16 tó.  Tákàdá A4 mẹ́rin tí a ká sí méjì ni, a sì fi pín-ìn-nì gún àárín rẹ̀. Fún ọmọ 60, tákàdá 240. Ẹdìpọ̀ kan tó jẹ́ 500 yóò gbé ìwé méjì jáde fún kíláàsì náà, á sì ṣẹ́ díẹ̀ kù. Lẹ́tà kò gbọdọ̀ kéré ju pọ́íǹtì 18 lọ fún Pírámárì 1.

Ní Ṣómólú, níbi tí àwọn òǹtẹ̀wé kún sí, ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé fọ́ǹtì kọ̀ǹpútà wọn kò gbé ẹ̀, ọ́ àti ṣ. Àmì abẹ́ á sọnù tàbí kí ó sún sábẹ́ lẹ́tà kejì. Ẹ fi fọ́ǹtì Noto Sans tàbí Charis SIL tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sọ ọ́ di PDF tí fọ́ǹtì wà nínú rẹ̀, ẹ má gbé fáìlì Word lé wọn lọ́wọ́. Ẹ gba ẹ̀dà kan, kí ẹ fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó ní kí wọ́n tẹ èyí tó kù.

Títẹ̀lé tíṣà, àti nígbà tí iye náà kò bá lọ sókè

Ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà ṣòfin ìwé kíkà ní 2013, nígbà tí wọ́n wà ní ipò 49 nínú ìwé kíkà kíláàsì kẹrin. Ní 2024, ipò 9 ni wọ́n wà. Ohun tí gbogbo ayé gbọ́ ni pé wọ́n ń dá ọmọ Pírámárì 3 tí kò mọ̀wé kà dúró sí kíláàsì kan náà. Ohun tí wọn kò gbọ́ tó ni pé wọ́n rán olùtọ́nisọ́nà lọ bá tíṣà nínú kíláàsì, wọ́n sì ń yẹ ọmọ wò lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún. Dídá ọmọ dúró láìṣe méjì yìí, ìyà lásán ni.

Olùtọ́nisọ́nà yín lè jẹ́ igbákejì ọ̀gá. Kó jókòó ìṣẹ́jú 15 lọ́sẹ̀ nínú kíláàsì kọ̀ọ̀kan, kó ka ohun kan ṣoṣo: ọmọ mélòó ló dá lanu kàwé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá? Bí kò bá pé mẹ́jọ, ohun tí wọn yóò sọ̀rọ̀ lé lórí nìyẹn. Kó má mẹ́nu kan pátákó tí kò mọ́ tàbí lẹ́sìn nóòtì tí kò tíì dé.

Lórí káàdì òpin sáà, lábẹ́ máàkì, ẹ kọ ọ́ pé: "Ó ka ọ̀rọ̀ 28 ní ìṣẹ́jú kan." Òbí mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ ju máàkì 64 lọ, yóò sì fi fóònù rẹ̀ dán an wò nílé.

Bí àyẹ̀wò méjì bá kọjá tí iye kò sún, ẹ ṣí rẹ́jísítà kí ẹ tó bá tíṣà sọ̀rọ̀. Ọmọ tó ń pa ọjọ́ méjì jẹ lọ́sẹ̀ ti pàdánù ìdá méjì nínú márùn-ún ẹ̀kọ́ náà. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ìṣẹ́jú 70 ń pé lóòótọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ìwé: ṣé ó délé, tàbí ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kó má baà ya? Ìwé tó bá ya ti ṣiṣẹ́.

Bí iye bá sì fò sókè lójijì, láti 15 sí 50 láàárín sáà kan, ẹ fura. Ìtàn àyẹ̀wò ti jò, tíṣà ti fi kọ́ wọn. Ẹ kọ mẹ́ta sílẹ̀ tí gígùn àti líle wọn dọ́gba, kí ọ̀gá tì wọ́n mọ́ dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Èyí tí ọmọ bá kà ní sáà kìn-ín-ní, kò gbọdọ̀ rí i mọ́ ní ọdún yẹn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹ yí orúkọ ènìyàn, ọjà àti òpin ìtàn padà kí ẹ tó tún un lò.